Ọ̀gá Padà-Wá-Lọ́la àti Tábìlì Méje

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé tí ẹ ń dúró dè ní ọ́fíìsì kan, ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ orí yín, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí orí yín kó yín yọ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá kan wà tí oyè rẹ̀ gùn ju ọ̀nà oko lọ. Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ìmúrasílẹ̀ Àwọn Ọ̀dọ́ Ilé-Ìwé Abúlé sí Ìgbésí Ayé Lẹ́yìn Ìwé Kíkà: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí káfíńtà kọ́kọ́ ń kan àwọn lẹ́tà náà mọ́ ilẹ̀kùn, àyè tán nígbà tó dé "Ọ̀dọ́." Ẹlòmíràn ì bá gé oyè kúrú. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ wá ilẹ̀kùn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ní láti wó lára ògiri kí ilẹ̀kùn náà tó ríbi wọlé. Ẹ máa bá mi ká lọ, a kò tíì dé ibi kankan.

Láràárọ̀, Akọ̀wé rẹ̀ a máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fífẹ̀ yìí láti kí i. Ó gbọ́dọ̀ pe oyè náà já láìmí. Bó bá mí láàárín, yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti "Olùdarí," ọ̀gá yóò sì dúró síta, yóò ṣe sùúrù. Lọ́jọ́ kan tí ikọ́ ń ṣe Akọ̀wé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́wàá sì ti lù kí ọ̀gá tó fẹsẹ̀ kan inú ọ́fíìsì. Kò bínú rárá. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ náà ti lọ dáadáa.

Àwọn tó ń jókòó ní kọ́rídọ̀ kò ní èémí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Padà-Wá-Lọ́la" ni wọ́n ń pè é, nítorí gbólóhùn yẹn nìkan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni ń rí gbà kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá fetí kó orúkọ náà lọ́jọ́ kan, ó pe Akọ̀wé.

"Kí ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Ìfẹ́ ni, sà," ni Akọ̀wé wí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Wọn ò fẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ kí wọ́n má rí yín."

Ọ̀gá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Lára àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ báyìí ni ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé-ìwé ìjọba kan, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí tí ọ̀nà erùpẹ̀ náà sì ti fẹ́ẹ̀ parí. Bàbá rẹ̀ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lórígun ọjà. Ọmọ náà ti ń tú táyà kó tó mọ a-b-d, ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Sípánà. Pọ́ǹpù omi ilé-ìwé náà, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Sípánà á gbé etí lé e bí ìyá tó ń gbọ́ mímí ọmọ, á ní, "Awọ tó ń dí omi nínú rẹ̀ ló fẹ́ jẹ," bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì máa ń rí.

Ọdún yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tó wà nílùú ńlá fi àyè mẹ́tàlélógún sílẹ̀ fún kíláàsì wọn, torí mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ bíríkì á kọ́ ọ, ẹni tó fẹ́ ránṣọ á rán an. Ti Sípánà ni ẹ̀rọ omi, láti orí pọ́ǹpù kékeré dé orí èyí tí ń fa omi jáde nísàlẹ̀ àpáta. Ohun méjì péré ni wọ́n béèrè: kí ọwọ́ Olùdarí Àgbà wà lára fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wọn kí aago mẹ́rin tó lù ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn sáà. Bí aago bá ti lù, àyè di ti ẹlòmíràn.

"Ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ sọ fún un nígbà tó fún un ní kẹ̀kẹ́ láti fi gbé fọ́ọ̀mù lọ, "gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti kọ́ ẹ. Ohun tó kù, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Lọ bá wọn kọ́ ọ."

Ìgbà mẹ́fà ló lọ. Ìgbà márùn-ún, kọ́rídọ̀ ló ti padà. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ilẹ̀kùn fífẹ̀ náà ṣí, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, ó na fọ́ọ̀mù sí i tọwọ́tẹsẹ̀.

"Mẹ́tàlélógún?" ni ọ̀gá wí. "Kí n kàn fọwọ́ sí i báyìí? Bí ẹni ń fọwọ́ sí ìwé ẹni tó kó ewúrẹ́ kọjá? Rárá o! Ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ ní ayẹyẹ. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀!" Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ náà, níbi tí gírísì há sí lábẹ́ èékánná, ó sì fò dìde. "Akọ̀wé! Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ tó ń parí ìwé! Ṣé ọwọ́ yìí ló máa fi ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì?"

"Ó mà ṣe o, sà," ni Akọ̀wé wí.

Ibi tí àrà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lóòótọ́, inú ọ̀gá bàjẹ́ dé ìwọ̀n tí kò fi jẹun ọ̀sán títí ọ̀sán fi pọ́n. Kì í ṣe ìkà èèyàn, ẹ jọ̀wọ́. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ abúlé jẹ èèyàn láyé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èèyàn kan ṣoṣo ló mọ̀ tó jẹ èèyàn láyé, òun fúnra rẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, mọ́tò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ilé-ìwé náà. Wọ́n kó àwọn ọmọ àti òbí jọ sínú oòrùn, ọ̀gá sì gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin ògo ọ̀la!" ló ké. "Ẹ̀yin èèhù tí èmi fúnra mi fẹ́ bomi rin! Kí ni ìgbésí ayé? Mo tún bi yín: kí ni ìgbésí ayé? Tábìlì ni! Ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì ti dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó wà níwájú tábìlì ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Láti òní lọ, mo gba òòlù lọ́wọ́ yín. Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo gba sípánà lọ́wọ́ yín! Tábìlì méje ni mo fi rọ́pò wọn!"

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ nawọ́ sókè lẹ́yìn, ó ṣí fìlà.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, mi ò mọ̀wé. Bí gbogbo wọn bá lọ jókòó sẹ́yìn tábìlì, ta ni yóò wà níwájú?"

"Ìbéèrè àtàtà!" ni ọ̀gá wí. "Ẹ kọ ọ́ wá ní ẹ̀dà mẹ́ta."

Bí wọ́n ṣe kó gbogbo irinṣẹ́ sínú yàrá ẹ̀yìn nìyẹn, wọ́n tì í, ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n to tábìlì méje sínú iyàrá tí àwọn ọmọ ti ń gbẹ́ igi tẹ́lẹ̀, wọ́n pè é ní Ọ́fíìsì Ìdánrawò. Ọ̀gá pín Ìwé Atọ́nà kan tó kọ fúnra rẹ̀. Ogójì ojú-ewé ni, àwòrán ọ̀gá sì wà ní méjìlá nínú rẹ̀. Òfin tó dùn mọ́ ọn jù wà ní ojú-ewé kẹsàn-án: *Ìwé kékeré kì í fo ìwé àgbà. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ jáde, ì báà jẹ́ ti ta ni.* Ó ti máa ń fi òfin yìí dá àwọn èèyàn kọ́rídọ̀ lóhùn fún ọdún mẹ́fà, ó sì gbà pé ìwà ọmọlúàbí ló ń kọ́ wọn.

Ó pàṣẹ pé kí fọ́ọ̀mù mẹ́tàlélógún náà jókòó sórí tábìlì keje nínú Ọ́fíìsì Ìdánrawò, títí òun yóò fi wá ṣe ayẹyẹ ìfọwọ́síwèé lójú ayàwòrán. Ó dá ọjọ́. Ọjọ́ pé, télọ̀ kò tíì parí agbádá. Ó dá òmíràn, ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, ó ní kò ní jẹ́ kí àwòrán dán. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ránṣẹ́ pé àga tí òun yóò jókòó lé kò ga ju tàwọn yòókù lọ. Sáà sì ń tán lọ.

Láàárín èyí ni pọ́ǹpù dákẹ́. Sípánà gbé etí lé e. Awọ inú rẹ̀ ti jẹ. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, ṣùgbọ́n sípánà ńlá tó lè tú u wà nínú yàrá títì, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń tú kẹ̀kẹ́ sì kéré jù. Màmá Tíṣà, ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí ilé-ìwé náà, kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pé kí ó dákun fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní lẹ́tà náà ti dé. Wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ni àwọn ọmọ bá ń pọnmi lódò.

Màmá Tíṣà ń kọ́ wọn níwèé ọ̀gá, kò fẹ́ kọ́ wọn, ṣùgbọ́n àṣẹ ni.

"Àlejò wọlé. Kí lẹ ó ṣe?"

"A ò ní gbójú sókè, mà!"

"Títí dìgbà wo?"

"Títí á fi wúkọ́, mà!"

"Tó bá wá wúkọ́ ńkọ́?"

"A ó ní kó jókòó, mà!"

"Ta ló lè sọ pé ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó?"

Gbogbo ọwọ́ ló gbéra. Ọmọ kan dìde, ó sọ ọ́ ní oríṣi mẹ́sàn-án láìtún ọ̀kan sọ. Màmá Tíṣà fọwọ́ bojú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà ni omi lé ròrò sójú rẹ̀, torí ó mọ ohun tí ọmọ yẹn ìbá ti máa fi ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Sípánà ló gba ipò kìíní nínú ìdánwò.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n tó báyìí?" ni Màmá Tíṣà bi í.

"Ẹ̀rọ náà ni, mà. Ìwé ń gba ibì kan wọlé, ó ń gba ibì kan jáde. Téèyàn bá ti mọ ibi tó há sí, ó tán." Ó ṣí ojú-ewé kẹsàn-án, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Kò sí, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà ni."

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn sáà dé. Sípánà jí pẹ̀lú àyà tó ń lù kìkì. Bí aago mẹ́rin ọjọ́ náà bá kọjá, bàbá rẹ̀ á gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan, èyí ló sì ń bà á lẹ́rù jù.

Ọ̀gá náà jí pẹ̀lú àyà tó ń lù, ṣùgbọ́n tiẹ̀, ti ayọ̀ ni. Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo Ọ́fíìsì Ìdánrawò lọ́sàn-án gangan. Ipò igbákejì Kọmíṣánnà ṣófo. Ohun kan ṣoṣo ló kù kí ọ̀gá fi gbé e mì: ìwé ẹ̀rí láti ilé-ìwé náà pé ètò òun yọrí sí rere. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti yin ara rẹ̀ ní ìwọ̀nba, ojú-ewé mẹ́rin péré. Ọwọ́ Màmá Tíṣà àti òǹtẹ̀ ilé-ìwé ló kù, tábìlì keje sì ni ìwé ń gbà dé ọ̀dọ̀ méjèèjì. Ó ní kò lè ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní ti fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, kí n má purọ́, ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Aago mẹ́wàá ló wọ Ọ́fíìsì Ìdánrawò. Ọmọ tábìlì kìíní doríkodò, ó ń kọ̀wé. Ọ̀gá dúró. Ọmọ ń kọ̀wé. Ọ̀gá wúkọ́.

"Ẹ jókòó, sà."

"Èmi? Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Àwòrán yín ń bẹ ní ojú-ewé méjìlá. Ṣùgbọ́n ojú-ewé kẹta ní ká má ṣe dá ẹnikẹ́ni mọ̀." Ó ya bébà kan fún un, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún ló wà lára rẹ̀.

Ẹ wo ojú ọ̀gá. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì tún ń dùn, méjèèjì ń ti ara wọn ní àyà kan náà. Ó fẹ́ jágbe mọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n tó bá ní ìwé náà kò dára, ètò kò dára nìyẹn, Kọmíṣánnà sì ń bọ̀ lọ́nà. "Ó dára," ni ó wí. "Ó dára gan-an ni." Ó jókòó.

Tábìlì kejì ní kó mú àwòrán ara rẹ̀ méjì wá. Kò mú un dání. Ó yá Ìwé Atọ́nà kan, ó fi sísọ́ọ̀sì gé ojú ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tábìlì kẹta fẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta, ni ọ̀gá bá fọwọ́ ara rẹ̀ da ojú-ewé mẹ́rin náà kọ, gbogbo ìyìn ọ̀hún látòkèdélẹ̀, ìgbà tó sì fi kọ ọ́ dé ẹ̀dà kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn ibì kan. Ẹni tábìlì kẹrin kò sí lórí ìjókòó.

"Ibo ló lọ?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé, sà," ni ẹni tábìlì karùn-ún dá a lóhùn. "Ojú-ewé kẹrìndínlógún ní ẹni kan gbọ́dọ̀ máa wà níta nígbà gbogbo. Tiẹ̀ ló kàn lónìí."

Òógùn ti bo ọ̀gá. "Ẹ fún mi lómi mu."

"Kò sómi, sà. Pọ́ǹpù ti bàjẹ́. Lẹ́tà kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ yín."

Ó di aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú kó tó dé iwájú tábìlì keje. Sípánà dìde, ó kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó sì padà jókòó bí òṣìṣẹ́.

"Ìwé yín ti pé, sà. Ó mọ́ tónítóní. Ó kù kó kàn án ni. Ìwé mẹ́tàlélógún ló ṣáájú rẹ̀."

"Kí làwọn yẹn ń dúró dè?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ọ̀gá wo òkìtì fọ́ọ̀mù náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrántí ń wọlé sí i lójú. "Àwọn wọ̀nyí ni ti ayẹyẹ. Ayàwòrán ò sí níbí. Jẹ́ kí tèmi kọ́kọ́ kọjá, ọmọ dáadáa."

"Ojú-ewé kẹsàn-án, sà," ni Sípánà wí wẹ́lẹ́. "Ìwé kékeré kì í fo ìwé àgbà. Ì báà jẹ́ ti ta ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí ẹni tó há sínú ṣòkòtò ara rẹ̀ rí? Kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù láìsí agbádá, láìsí àga gíga, láìsí ẹnikẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́! Ó ní kí òun kọ́kọ́ jókòó ronú sí i. Ó padà sórí bẹ́ǹṣì.

Ibẹ̀ ni Kọmíṣánnà bá a. Obìnrin kúkúrú kan ni, tó ń yára rìn, tíṣà lòun náà tẹ́lẹ̀. Ó wọlé, ọmọ tábìlì kìíní kò gbójú sókè. Ó wúkọ́.

"Ẹ jókòó, mà." Wọ́n ya nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún un.

Kọmíṣánnà wo bébà náà, ó wo bẹ́ǹṣì, ó lọ jókòó ti ọ̀gá, ẹni tó ti dìde tán, tó sì tún ti jókòó, nítorí kò mọ èyí tí ìwé òun sọ nípa irú rẹ̀.

"Olùdarí, kí lẹ ń dúró dè?"

"Mo… mò ń yẹ ètò wò ni, mà. Láti inú."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti aago mẹ́wàá, mà."

Kọmíṣánnà pe Sípánà. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òṣìṣẹ́, tábìlì dé tábìlì, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí fọ́ọ̀mù, ó di ọmọ padà lójijì. "Aago mẹ́rin òní ni, mà. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni ọ̀nà ibẹ̀. A ti ń bẹ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Tó bá kọjá òní, ó tán nìyẹn, mà." Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí tábìlì keje, ó sì fi apá aṣọ nù ún kíá kó má ba fọ́ọ̀mù jẹ́.

Kọmíṣánnà kò gbóhùn sókè. "Olùdarí, ṣé ẹ ní bírò?"

Ọ̀gá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ mọ̀ pé ìfọwọ́síwèé rẹ̀ gùn bí oyè rẹ̀: ó máa ń ká bíi kòkòrò ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fa ìlà mẹ́ta sábẹ́, ó sì máa ń to àmì tótòtó sórí ìlà náà. Fọ́ọ̀mù kìíní gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kọmíṣánnà wo aago. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, àmì tótòtó ti lọ. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ìlà kan ló kù. Èyí tó kẹ́yìn, ti Sípánà, fẹ̀ẹ́rẹ́ bí ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni. Láìsí ìyìn, gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Kọmíṣánnà ní kí wọ́n fún òun lómi. Wọ́n sọ ti pọ́ǹpù fún un. Ó bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n kọ́ ní sáà náà tí wọ́n lè fi jẹun lọ́la.

"Mo lè sọ pé ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó lọ́nà mẹ́sàn-án, mà," ni ọmọ kan dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀.

Kọmíṣánnà bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Màmá Tíṣà, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

"Mọ́tò ta ló yá jù níta yìí?"

"Ti ọ̀gá ni, mà," ni dírẹ́bà ọ̀gá pariwo láti ojú fèrèsé. Ọdún mẹ́fà ló ti ń wa ọ̀gá ní ìwọ̀n ìrìn ìgbín kí àwọn èèyàn lè ráyè juwọ́. Ní ọjọ́ yẹn ló fi han ayé pé òun mọ mọ́tò wà. Sípánà kó sínú mọ́tò, ó gbá fọ́ọ̀mù mọ́ àyà, eruku sì dìde lẹ́yìn wọn títí dé orígun ọjà, níbi tí bàbá kan ti ju táyà sílẹ̀ tó ń fi fìlà juwọ́.

Nínú Ọ́fíìsì Ìdánrawò, ìwé ọ̀gá ti wá di àkọ́kọ́. Ó súnra mọ́ tábìlì.

"Ó ti kàn mí wàyí, àbí?"

"Ó ti kàn yín, sà," ni ọmọ tábìlì kìíní wí. Àánú ṣe é gidi. "Ṣùgbọ́n ẹni tábìlì keje ti bá mọ́tò yín lọ. Ẹ padà wá lọ́la, sà."

Kọmíṣánnà mú ìwé ẹ̀rí náà, ó ka ojú-ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣẹ́ ẹ, ó fi í sínú àpò rẹ̀. "Èmi náà ti jẹ́rìí," ló wí. Ó sì fi ọ̀gá sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kó máa dúró de mọ́tò rẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún wọ ojú fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ kà wọ́n, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ wọn. Sípánà bi í bóyá kí òun padà wá lọ́la. Ó ní, "Fún kí ni? Ó ti parí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́tà dé bá ọ̀gá. Wọn kò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé abúlé kan náà, kó máa ṣọ́ yàrá irinṣẹ́ lábẹ́ Màmá Tíṣà. Olùtọ́jú Irinṣẹ́ ni oyè rẹ̀, ó sì gba ara ilẹ̀kùn kékeré dáadáa, àyè tún ṣẹ́kù. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀ síbẹ̀. Akọ̀wé kò tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ pé ó ti ń kọ́ oyè ọ̀gá tuntun sórí.

Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n fún Olùtọ́jú Irinṣẹ́ ní korobá bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n fi ọ̀nà odò hàn án. Odò jìnnà. Ìdajì omi dà sílẹ̀ lọ́nà, ewúrẹ́ kan sì mu èyí tó kù níbi tó gbé e sí tó ń sinmi. Ó padà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Ìgbà yẹn ni Sípánà dé, tí bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú awọ tuntun lọ́wọ́. Ọ̀la ló ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́, ó sì ní òun kò ní fi pọ́ǹpù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Sípánà ńlá ni mo wá…"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkùnrin náà ti wà lórí ìdúró, tí kọ́kọ́rọ́ ti yí, tí ilẹ̀kùn ti ṣí, tí irin náà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nà án sí i. Ọmọ náà wò ó tìyanutìyanu.

"Ṣé kí n má kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù, sà?"

"Fọ́ọ̀mù wo?" ni ọ̀gá wí. "Òùngbẹ ń gbẹ mí, ọmọ mi."